Ojú Léèsì Tó Pòórá Lọ́wọ́ Tíṣà

“Tíṣà, lẹ́yìn òpó àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ló kàn?”

Bíríkìlà ló béèrè, géńdé ọkùnrin tí abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ rí bí igi ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì ti búra pé òun fúnra òun lòún máa hun fìlà ọmọ náà. Àwọn obìnrin márùn-ún tó kù nínú kíláàsì dáwọ́ dúró, wọ́n gbójú sókè. Tíṣà gbé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sókè, òwú funfun ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu rẹ̀. Ó la ẹnu láti dáhùn, àmọ́ kò rántí ohun tó kàn.

Léèsì tó rọrùn jù lọ ni. Òpó, ìyẹn òwú gígùn tó máa ń dúró ṣánṣán, àti ẹ̀wọ̀n, ìyẹn ojú kéékèèké tó so kọ́ra, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí. Òun náà ló máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ti lè ka ení, èjì á lè hun ún. Láàárọ̀ yìí, orí rẹ̀ ṣófo bí yàrá tí wọ́n kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde.

“Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ,” ó ní, ó fẹ̀rín bò ó. “Àbí èmi nìkan ni màá máa sọ̀rọ̀ bíi rédíò ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà họ orí. “Ó jọ pé ẹ̀wọ̀n kan ni, ká wá gbé òpó kejì sínú ojú kan náà. Lẹ́yìn náà, ká fo ojú méjì. Àbí mo ti bà á jẹ́, Tíṣà?”

 Tíṣà ò mọ̀ bóyá ohun tí ọkùnrin náà sọ tọ̀nà. Ó wo léèsì tó wà lára ògiri, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, àfi bí iṣẹ́ ẹlòmíì.

“Ẹ máa hun ún bẹ́ẹ̀ ná, ká wò ó,” ó wí. Ó yára kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, ó ti tó oṣù mélòó kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jáde ní báńkì sójú títì tó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, kò mọ̀ bóyá ọ̀tún ni òun máa yà àbí òsì. Ó sì rántí ìyá tirẹ̀ dáadáa, lọ́jọ́ tó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà, tí ìyá yọjú, tó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni kí àlejò, tó ní, “Ta lẹ ń wá, ẹ jọ̀ọ́?” Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ìyá nígbà yẹn. Òun náà á pé méjìlélọ́gọ́ta lóṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, obìnrin kan ò dìde. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

“Kí ló bẹ̀rẹ̀?” Ohùn Tíṣà le. “Ó rẹ̀ mí ni.”

“Ó lè jẹ́ àárẹ̀ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ oògùn tí ẹ ń lò. Ó sì lè jẹ́ àrùn ìgbàgbé tó ń bà yín lẹ́rù yẹn. Àmọ́ ẹ ò lè jókòó sílé kí ẹ mọ èyí tó jẹ́.”

“Tó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ò parọ́ fún un. “Tó bá jẹ́ òun, ó sàn kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ ṣì lè fẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ fẹ́.”

Nígbà tó ku òun nìkan, Tíṣà jókòó sáàárín àwọn àga òfìfo. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

“Mọ́mì, ṣé kò sí o? Ẹ kì í pè mí lásìkò iṣẹ́.”

Ó ti fẹ́ kàn béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó sì pa fóònù. “Mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hun léèsì,” ó wí. “Lójú gbogbo wọn. Ohun tó ṣe ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí pé òun ló fẹ́ ṣe mí.”

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan pa dé lọ́hùn-ún.

“Mo ti fura, Mọ́mì,” ọmọ náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Láti bí oṣù mẹ́ta. Ojora ló ń mú mi, mi ò lè bi yín.”

Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń sá fún ọ̀rọ̀ kan náà.

“Wá mú mi lọ sí ọsibítù lọ́la,” Tíṣà wí. “Tí mo bá ní ara mi ti yá, má gbà fún mi o.”

“Mi ò ní gbà, Mọ́mì.”