Àga tí Wọ́n fi Ọ̀rọ̀ Kàn

Ìyá mi pàdánù yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi, mo lá àlá ìpàdé tí ẹbí ti gba yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi wí pé: "Ọmọ ilé ní í jogún ilé. Ìyàwó kì í ṣe ọmọ ilé. Nítorí náà, ìyàwó kò lè jogún ilé." Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ àga, àbúrò bàbá mi sì jókòó lé àga náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mi àwọn ẹsẹ̀ náà. Ọ̀kankan kò yẹ̀. Àyà ìyá mi ni àga náà dúró lé. Ìyá rẹ́rìn-ín sí àbúrò bàbá mi: "Ọkọ mi, ẹ fara balẹ̀ jókòó. Ṣebí kò mì?" Mo kígbe: "Ẹ̀yin àgbà, ta ló ní kí ẹ gbé àga náà síbẹ̀? Ẹ dáhùn ní gbangba!" Igbe náà ló jí mi.