Ẹni Tó Ń Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Ẹ wò ó, látìgbà tí Màmá Aránṣọ ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré o, ló ti di adìyẹ abẹ́ agbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un wá sílé ara rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ ránṣọ mọ́. Ó wá ra nǹkan pẹlẹbẹ kan, ó fẹ́lẹ́ bíi náílọ́ọ̀nù, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́díṣíìtì. Kì í dún, kì í gún èèyàn lẹ́yìn. Àmọ́ tí Màmá bá ti sùn lé e, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù àti bó ṣe ń mí, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ sórí fóònù ọmọ níbi iṣẹ́. Tó bá sì dìde báyìí, ọmọ á pè.

"Màmá, kí lẹ ń wá nílẹ̀? Dókítà ní kẹ́ ẹ máa sùn lọ́sàn-án."

"Ṣé kí n tọ̀ sára ni?"

"Ẹ lọ tọ̀, kẹ́ ẹ padà sùn, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ẹni tó ti ń tẹ maṣíìnì látìgbà ọmọge, ẹ wá ní kó máa wo àjà. Ó ní ṣe ni ògiri yàrá yẹn ń sún mọ́ òun.

Ló bá ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, onídìrí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóorun, torí ó lè sùn lórí ìdúró.

"Máa wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi dípò mi lọ́sàn-án, kí n lè yọ́ lọ síbi maṣíìnì mi."

"Kí n máa sùn? Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá mi fún gan-an lo bẹ̀ mí yìí."

Bí Màmá ṣe ń lọ nìyẹn, tó ń ránṣọ, tó ń padà kí ọmọ tó dé. Ọmọ ò pè mọ́. Ara tù ú.

Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọ wọlé, tó ń kó aṣọ Màmá sínú báàgì.

"Màmá, ọsibítù yá. Tẹ́ ẹ bá sùn lọ́sàn-án, àyà yín á lù, á kọsẹ̀, á tún sáré. Ẹ tiẹ̀ máa ń dákẹ́ mímí. Mi ò fẹ́ já yín láyà, dókítà ni mo lọ fi hàn. Ó ní kò gbọdọ̀ di ọ̀la."

"Lóru ńkọ́?"

"Lóru, kò sí nǹkan kan. Òun náà ò mọ ìdí ẹ̀."

Màmá mọ̀ ọ́n. Ó rántí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń han-unrun, tí á dákẹ́ lójijì, tí á tún mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí lódò. Wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín títí. Tó bá sọ̀rọ̀, agbọ̀n dé e nìyẹn. Tó bá dákẹ́, wọ́n á yẹ òun wò, wọn ò ní rí nǹkan kan, ọ̀rẹ́ òun á sì sùn lọ́jọ́ kan, kò ní jí.

"Kì í ṣe àyà mi," ó ní. "Ìyá Olóorun ló ń sùn níbẹ̀."

Ọmọ jókòó sórí báàgì. Ó ní, "Ibo lẹ máa ń gbà jáde?"

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Jẹ́ ká lọ gbé e ná."

Wọ́n gbé Ìyá Olóorun dé ọsibítù, ó ń ṣàròyé pé oorun lásán ni. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, káfíńtà dé. Màmá dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.