Ọjọ́ Tí Bẹ́dífọ́dì Mi Sáré Ìje

Wọ́n ní inú máa ń tètè bí mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń bí mi! Ta ni inú ò ní bí, tí ọmọ tó fúnra rẹ̀ bí bá gbé ayùn wá sídìí ọkọ̀ rẹ̀?

Èmi ni Ọláníran, dírẹ́bà kòkó. Ogójì ọdún ni mo fi kó kòkó láti Ajue wá sí Ore nínú Bẹ́dífọ́dì mi, lọ́rì onípákó tó wà lẹ́yìn ilé mi yìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti òkè òkun ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, pákó ẹ̀yìn, títí kan ìjókòó tó ti fa ṣòkòtò mi ya bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò sí èyí tí mo pààrọ̀. Àwọn kan wá láti Èkó nígbà kan pé àwọn fẹ́ rà á fún ọlọ́rọ̀ kan. Mo lé wọn jáde. Ohun tí mò ń wẹ̀ láràárọ̀ bí ọmọ ìkókó, ṣé mo máa tà á ni?

Olúwadárasími ọmọ mi, tí a ń pè ní Dára, ni ìṣòro mi. Obìnrin ni, mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ṣẹ́ débi pé àwọn onítírélà máa ń dúró dè é ní Ore. Àmọ́ eré ló gbé sórí. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, àwa onílọ́rì máa ń sáré ìje lójú ọ̀nà títẹ́jú kan lápá Agbabu, méjì-méjì, láti ìdí òpó iná dé ìdí ọ̀pẹ kan. Yínká ló ń gbégbá orókè láti ọdún mẹ́ta. Bẹ́dífọ́dì ni tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà nù, ó sì ti ki ẹ́ńjìnnì tuntun ràgàjì bọ̀ ọ́. Tó bá ń kọjá, àwo inú ilé á máa gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, Dára gbé ayùn lọ́wọ́, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó yẹ kí n ti fura.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ti rí òmíràn. Tí mo bá gbé e sí i, tí mo sì gé pákó ẹ̀yìn kúrò kó lè fúyẹ́, Yínká ò ní rí ẹ̀yìn wa."

"Kí o gé kí ni?"

"Pákó ẹ̀yìn, sà."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Pákó tí mo fi kó ẹrù ìyá ẹ wá sílé ọkọ?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ọkọ̀ tí kì í lọ síbì kan, igi ìdáná ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo fò dìde. Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà! Àkísà tí o rí yìí, ó máa na Yínká mọ́lẹ̀!"

Ẹnu mi ni mo fi kó bá ara mi. Kíá ni Dára dìde. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹ fi ọkọ̀ yìí bá Yínká sáré bó ṣe wà. Tí ẹ bá borí, n kò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Tó bá borí yín, mo gé e." Magdalene ìyàwó mi, tí ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri, dáhùn pé, "Àmín." Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí mo bá ti jókòó, ìró ayùn ni mò ń gbọ́.

Ọjọ́ pé. Èrò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Mo gbé Bẹ́dífọ́dì sídìí òpó iná, Dára jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i bí màá ṣe pàdánù. Yínká dúró sápá ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù.

"Bàbá Dára, ẹ rọra o!" ló ń pariwo. "Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yín fọ́ sójú ọ̀nà!"

"Bàbá ẹ ni kó rọra!" ni mo fi dá a lóhùn.

Gabriel ló máa ń fọn fèrè tí ọkọ̀ fi ń gbéra. Ó ti jẹ́ kí fèrè jábọ́ sínú kànga láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ni Magdalene bá yọ sí wa nínú aṣọ funfun, aago ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni Ìyá Ìjọ ní Òkè Àánú, ó sì ti ń gbàdúrà sójú ọ̀nà náà láti ìdájí.

"Ẹ gba èyí," ó ní fún Gabriel. "Tó bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n máa lọ."

Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìjọ wa, tí aago bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa á dijú, a ó dorí kodò, a kò sì ní gbé e sókè àfi tó bá tún dún lẹ́ẹ̀kan. Láti kékeré la ti ń ṣe é. Ọmọ ìjọ sì ni gbogbo wa níbẹ̀, èmi, Yínká, àwọn tó wá wòran, títí kan obìnrin tó ń ta àgbàdo sísè.

Gáún! Gáún! Gáún!

Kí n tó mọ̀, iwájú orí mi ti wà lórí sítíárìn. Dára ti dojú bo orúnkún rẹ̀. Èrò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń retí aago kan ṣoṣo tó máa gbé wa dìde, ṣùgbọ́n ta ni yóò lù ú? Gabriel fúnra rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, aago lọ́wọ́ rẹ̀!

Bí mo ṣe tẹríba ni ẹsẹ̀ mi yẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tí mo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gíà kìíní. Gíà kìíní Bẹ́dífọ́dì àtijọ́, ti gígun òkè tòun tẹrù ni. Bí èèyàn fẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì, kò ní kú, á kàn máa fà lọ ní tiẹ̀. Ẹsẹ̀ Yínká náà yẹ̀. Ọkọ̀ tiẹ̀ ta gìjà lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú fin-ín.

Èmi rò pé Ẹ̀mí ló ń gbé mi lọ. Mò ń wí pé, "Mímọ́, mímọ́," ara mi ń gbọ̀n rìrì. Ìgbà tí táyà kó sí kòtò, tí sítíárìn gbá mi nímú, ni mo tó lajú. Òpó iná ti wà lẹ́yìn wa! Mo wo dígí. Yínká ń tẹríba. Gbogbo èèyàn ń tẹríba.

"Dára! Gbórí sókè! A ti ń lọ!"

"Bàbá mi, aago ò tíì dún..."

"Ìwọ dúró dè é!" Mo ki í sí gíà kejì, mo tẹná mọ́ ọn.

Yéè! Ariwo ẹ́ńjìnnì wa ló jí Yínká. Mo rí i nínú dígí tó ń ṣáná, tó ń gbá sítíárìn, tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra bí ọta ìbọn. "Ó ń bọ̀ o!" ni Dára ń ké. Mo bọ́ sí gíà kẹta. Pákó ẹ̀yìn ń pariwo, fìlà mi bá fèrèsé lọ, ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu, n kò lè dá a dúró. Ọmọ àádọ́rin ọdún ni mí, mò ń kígbe bí ọmọdé tó rí bàálù. Imú ọkọ̀ Yínká dé táyà ẹ̀yìn wa, ó dé ilẹ̀kùn wa, a kọjá ọ̀pẹ!

Yínká bọ́ sílẹ̀ pé ojóóró ni. Nígbà tí èrò sáré dé bá wa, Magdalene bi í bóyá aago dún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí kò dún. Ó ní ó dún. "Ó parí," ni Ìyá Ìjọ wí. Yínká fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Mo yíjú sí Dára. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ọwọ́ sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, kò kú. Ẹ tiẹ̀ fẹsẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kò kú."

Àmọ́ eré ti wọ̀ mí lórí. Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì tí o ní o rí yẹn, níbo ló wà? Lọ gbé e wá! Gé pákó yẹn! Mo fẹ́ sá ju báyìí lọ!"

Ó fi ara dí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀yin náà ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé láéláé." Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì tí kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì, inú mi sì dùn. Mo fún un. Ó gun ìjókòó dírẹ́bà, ó ní kí n wọlé ká máa lọ. Mo yí lọ sí òdìkejì, mo dúró, mò ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn, n kò mọ̀ ọ́n, nítorí láti ogójì ọdún n kò gba ẹ̀gbẹ́ yẹn wọlé rí. Dára nawọ́ láti inú, ó ṣí i fún mi.