Ẹni Kẹrin Nínú Ọkọ̀

Hikmah ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìgbòkun náà. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà ní Lotto, ní Mowe, aṣọ iléèwé àti kọ́tìnì ló sì máa ń rán jù níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ gbé tapólì wọlé, tó ní kó gé e ní onígun mẹ́ta, kó sì rán okùn mọ́ etí rẹ̀, ó rò pé àtíbàbà ni bàbá fẹ́ fi ṣe.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tù ní Ìṣẹ́rí. Epo ẹ́ńjìnnì ti wọ́n kọjá agbára mi. Afẹ́fẹ́ ni bàbá mi fi ń rìn kí ẹ́ńjìnnì tó dé. Ìdí ẹ̀ ni mò ń padà sí."

Ọjọ́ tí Hikmah gbé iṣẹ́ náà lọ fún un létí odò Ògùn, ó dúró wò ó bó ṣe ń so ó mọ́ òpó. Aṣọ tó ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mélòó kan wú lójijì, ọkọ̀ sì gbéra láìsí ariwo kankan. Nǹkan kan sọ nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá padà sí èbúté, Hikmah kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Ṣé o mọ omi wẹ̀?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, nílé ìyá ìyá mi ní Ifọ̀."

"Ó dáa. Máa bọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè."

Ìgbà tí òjò ń parí lọ ni. Odò ti ya wọ àdúgbò kan lẹ́yìn ẹ́sítéètì OPIC, títì ti di omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ti kó lọ. Ibẹ̀ ni bàbá mú un lọ, nítorí pé omi ibẹ̀ kò lágbára bíi ti odò gan-an.

"Má tíì fọwọ́ kan okùn," ni bàbá wí. "Dijú. Ibo lafẹ́fẹ́ ti ń bọ̀?"

"Ó ń kan etí òsì mi."

"Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kò tíì wọkọ̀."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa okùn kí ìgbòkun lè gba afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń dẹ̀ ẹ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, àti bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ ẹ̀yìn darí. Ó ní tí wọ́n bá ń yí, kó tètè tẹrí ba. Hikmah kò tètè tẹrí ba, igi ìgbòkun sì gbá a létí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kọ lu àwọn ilé òfìfo yẹn, ó sì padà wá bá wọn bíi pé àwọn ẹlòmíràn ló ń rẹ́rìn-ín.

Orí géètì nìkan ló yọ sókè omi. Àga rọ́bà kan ń léfòó lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, Hikmah rí obìnrin àgbà kan lójú fèrèsé òkè tó ń juwọ́ sí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà!" ló kí i. Bàbá kò gbójú sókè. "Bàbá, èèyàn ṣì wà nílé yẹn o."

"Mo mọ̀. Ìyá Ṣọlá ni. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lọ." Bàbá tutọ́ sómi. "Yí ọkọ̀ náà, jàre."

Ní Sọ́ńdè kejì, bàbá jókòó sórí fẹ́ǹsì kan, ó ní kí Hikmah dá lọ dé ìdí òpó iná kan kó sì padà. Ó lọ. Ọkọ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu, inú rẹ̀ sì ń dùn, àfi ìgbà tó dé iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn tí afẹ́fẹ́ kú pátápátá. Ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ kò dúró. Ó rọra ń sún mọ́ ilé náà títí ó fi kan bálíkóòní.

"O tètè dé lónìí," ni ohùn kan wí. Ìyá Ṣọlá yọjú, ó wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. "Áà, ìwọ kọ́. Aṣọ ọkọ̀ yìí ni mo rí, mo rò pé Bàbá Ṣọlá ni, mo gbàgbé pé ó ti wọlé. Wọlé wá jẹun, ọmọ mi."

Láti orí bálíkóòní, Hikmah rí tábìlì nínú pálọ̀. Abọ́ iṣu gbígbóná méjì wà lórí rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbé yín kúrò níbí."

"Ta ni màá fi ọkọ mi sílẹ̀ fún? Ó ń sùn. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá dé."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Ikọ́ ọkùnrin ni, tó dà bíi pé omi wà láyà rẹ̀. Hikmah wo ilẹ̀. Ipasẹ̀ tútù ńlá, ti ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, gòkè wá láti orí àtẹ̀gùn tí omi ti bò, ó la pálọ̀ kọjá, ó sì wọ yàrá. Kò sí èyí tó padà.

"Ẹ bá mi kí bàbá," ni Hikmah sọ. Ó fẹsẹ̀ ti ògiri. Afẹ́fẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀.

Ó padà lọ ròyìn fún Bàbá Bùrẹ́ímọ̀. "Èmi ni mo fa Adébánjí, ọkọ ẹ̀, jáde nínú omi. Ẹrù wọn ló ń kó tí ọkọ̀ fi dojú dé. Ojú ìyàwó ẹ̀ la ṣe sin ín, àmọ́ bí ìsìnkú ṣe parí ló padà wọ ilé yẹn. Mo ti gbọ́ ikọ́ náà, Hikmah. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wòkè."

"A ò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bàbá."

Bàbá bọ́ sínú ọkọ̀, ó jókòó síwájú. "Ìwọ ni wàá tù ú, tá a bá fẹ́ lọ."

Wọ́n padà. Hikmah gun bálíkóòní, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ sọ fún bàbá kí àwọn náà máa bọ̀. Ká jọ lọ."

Ìyá Ṣọlá tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé àyè wà?"

"Àyè wà, mà."

Ó wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé báàgì kan jáde, ó sì sọ̀ sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tẹ̀. Ó tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wọlé, kò sì sí ẹni tí wọ́n rí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyyu, àdúrà ààbò inú Kùránì, sínú.

"Má wẹ̀yìn," ló sọ fún Hikmah. "Ìgbòkun ni kó o máa wò."

Hikmah fa okùn. Ọkọ̀ wúwo bíi pé wọ́n di iyanrìn sínú rẹ̀. Òórùn ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan tútù sì ń mí sí i lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n máa yí ní ìkóríta, atẹ́gùn líle kan bọ́ sínú aṣọ, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì, ẹnì kan bá a dì í mú láti ẹ̀yìn. Bàbá wà níwájú. Ọwọ́ ìyá náà méjèèjì wà lórí báàgì rẹ̀. Okùn náà tutù rin, wọ́n sì jọ fà á, òun àti ẹni yẹn, títí ọkọ̀ fi yí.

Ṣọlá ti gbé mọ́tò dé èbúté láti Ìbàfò, torí bàbá ti pè é. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ta sókè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Hikmah ṣubú.

"O ti mọ̀ ọ́n tù," ni Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Ṣọlá ni Hikmah ń wò. Ìyá náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó dì í mú, ó dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láyè, kó tó wọlé, kó sì tilẹ̀kùn.