Ẹyẹ Aládé Lórí Òkìtì Àfọ́kù

Ní ilé iṣẹ́ amọ̀ kan ní Burslem, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti Beryl Colclough la jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Iṣẹ́ wa ni kí a máa lẹ àwòrán ẹyẹ mọ́ ara ife tíì. Inú ìwé àtijọ́ kan ni wọ́n ti mú àwọn àwòrán náà, láti ayé ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fọwọ́ ya ẹyẹ, tí wọn kì í fo ìyẹ́ kankan. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwa á rẹ bébà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àwòrán á sì yọ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́, tínínrín bí awọ àlùbọ́sà. A ó tẹ́ ẹ sára ife, a ó fi rọ́bà ti omi abẹ́ rẹ̀ jáde, ó di inú iléru.

Èyí tó máa ń yọ Beryl lẹ́nu jù ni èyí tí wọ́n kọ "húpù" sábẹ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, apá rẹ̀ ní ìlà dúdú àti funfun, ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, adé ìyẹ́ gàgàrà kan sì wà lórí rẹ̀. Adé yẹn ló máa ń fàya. Beryl á máa fi orí ìka ṣí ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì máa bú ẹni tó ya àwòrán náà.

"Ọtí ló mu yó. Ta ló rí ẹyẹ tó dé fìlà òde ìgbéyàwó rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi rí i ní Spéènì," ni Desmond, ẹni tó ń tọ́jú iléru, wí.

"Lẹ́yìn ìgò mélòó?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ní ti Beryl, kí ni ẹyẹ? Ohun tó ń ṣu sórí aṣọ téèyàn sá ni.

Nínú oṣù kẹrin ọdún kan, atẹ́gùn gúúsù fẹ́ títí ó fi rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tó rọlẹ̀, a gbé tíì wa jáde ní ọ̀sán, a jókòó sórí ògiri kúkurú ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. Òkìtì àfọ́kù tí àwọn bàbá wa àgbà ti ń dà síbẹ̀ ló wà níwájú wa, koríko ti hù lé e. Beryl ń ròyìn ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún mi, ọbẹ̀ tí ajá kọ̀, nígbà tí nǹkan kan bà sórí òkìtì náà.

"Ẹyẹlé," ni mo wí.

"Ẹyẹlé wo? Wo ẹnu ẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ mi." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ara wa nílùú wa, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́.

Ẹyẹ náà ń rìn lórí àfọ́kù, ó ń ki ẹnu bọ àárín koríko, ó ń wá kòkòrò. Ìyẹ́ orí rẹ̀ ká sẹ́yìn ṣóńṣó. Lójijì nǹkan kan já lulẹ̀ nínú ilé iṣẹ́, gbàmù! Ẹyẹ gbórí sókè, adé náà sì là fàà, bí abẹ̀bẹ̀, orí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dúdú bí ẹni pé wọ́n tì í bọ inú tàdáwà.

Beryl dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú. Tíì rẹ̀ dà sí i lára, kò mọ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ń rìn lára mi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣí nǹkan.

"Ó wà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Noreen, ó wà."

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Shufflebotham, náà jáde, ojú rẹ̀ ti le.

"Ṣé ọjọ́ ìsinmi lòní ni?"

"Ẹ dákẹ́, ọ̀gá," ni Beryl wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ọ̀gá wo ibi tí gbogbo wa ń wò. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

Ọ̀fun ẹyẹ náà wú. Ó ké, hú-hú-hú, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Mo gbọ́ ọ nínú àyà mi kí n tó gbọ́ ọ létí.

Lẹ́yìn náà ló fò. Ṣe ni apá rẹ̀ kàn ń ṣí, tó fẹ̀ rẹrẹ, dúdú, funfun, dúdú, funfun, tó ń fò lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí labalábá ńlá. Ṣe ni wọ́n ká apá rẹ̀ mọ́ra nínú àwòrán wa. A ò mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ.

Desmond ló kọ́kọ́ lanu. "Ìgò mélòó lo mu, Beryl?"

Beryl ò rẹ́rìn-ín. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó yà á yẹn," ló wí, "kò parọ́ kankan. Ó tiẹ̀ dín in kù ni."

Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn ti tàn, àwọn tó ń wá ẹyẹ kiri dé láti Manchester pẹ̀lú awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wọ́n dúró sínú òjò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí Beryl ròyìn. Beryl tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ní, "Ó wá. A rí i." Ó tán.

Nírọ̀lẹ́, kò fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. A gba etí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ lọ sílé. Ẹyẹ dúdú kékeré kan, tó níwájú orí funfun, ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi. Láti kékeré la ti ń rí irú rẹ̀.

"Kí lorúkọ ìyẹn?" ni Beryl bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀."

Ẹyẹ náà mòòkùn sábẹ́ omi. Beryl gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko, a sì dúró kó jáde.