Òṣùwọ̀n Kò Rí Inú Àpò

Bí a bá ń wá ẹni tó mọ àpò àgbàdo bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, Òpó ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbé e nílé ìkẹ́rùsí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí bó bá ti dúró, kò sí ẹrù tó ń mì ín.

Àfi ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n dé láti yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ó wọn Òpó, ó wọn gíga rẹ̀, ó sọ gíga náà di ìlọ́po ara rẹ̀, ó fi pín ìwọ̀n ara, ó wo iye tó jáde lórí àtẹ ìsanra.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, màmá. Wọ́n ní ẹ ti sanra jù."

Máníjà, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí okùn bàtà, gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Òfin tuntun ni. Ẹni tí iye rẹ̀ lórí àtẹ bá ti kọjá ọgbọ̀n kò gbọdọ̀ gbẹ́rù mọ́, àfi tí nọ́ọ̀sì bá kọ̀wé sí i. Láti ọ̀la, ẹnu géètì lẹ ó máa jókòó."

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, tí wọ́n ní kó lọ jókòó, wọ́n fẹ́ fi tipá sọ ọ́ di arúgbó ni. Òpó na ọwọ́ mú irin oníhò tí wọ́n máa ń gún bọ inú àpò.

"Máníjà, kí lẹ fi ń ṣe èyí?"

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? A fi ń yọ àgbàdo àárín àpò wò."

"Lẹ́yìn tí ẹ ti wọn àpò tán?"

"Àgbàdo tó rin náà máa ń wúwo. Ìwọ̀n ò lè sọ ìyẹn fún wa."

"Ẹ ṣeun. Àpò tọ́ sí àyẹ̀wò méjì, èmi tí mò ń gbé e tọ́ sí ẹyọ kan." Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi, ṣé òṣùwọ̀n rẹ mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò mọ̀ ọ́n, màmá. Ó kàn ń ta wá lólobó pé ká wò síwájú sí i ni."

"Wò síwájú, nígbà náà."

Nọ́ọ̀sì fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gún un níka wo ṣúgà. Ikùn ò kọjá àlà, ṣúgà dára. Ìfúnpá nìkan ló gbé orí sókè díẹ̀.

"Ìyẹn ni mo gbà," ni Òpó wí. "N ó dín iyọ̀ kù, n ó sì wá kí o tún un wò lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí o bá rí nínú mi, n ò ní bá ọ jà lé e lórí. Èyí tí wọ́n fojú bù ni mo kọ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kó máa gbẹ́rù rẹ̀ lọ, kó máa wá wọn ìfúnpá lóṣooṣù. Ó fa abẹ́rẹ́ tuntun yọ. "Ó kàn yín, sà."

Máníjà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. "Èmi kẹ̀? Àtẹ ti ní ara mi pé."

"Àpò yín gbẹ lójú lóòótọ́," ni Òpó wí, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mú ẹrù, "ta ló ti gún un wò?"

Ó sọ àpò lé èjìká, ó ń lọ. Géètì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó tì í.