Ètò Tí Sàláúdéènì Fi Ń Ka Ọjọ́ Ọjà

Ní ọdún 1992, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí Hezekiah ti ń bá èèyàn taìpù ní Bẹẹrẹ. Lọ́sàn-án Sátidé, bí oníbàárà bá dínkù, Sàláúdéènì ló ń jókòó sídìí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni àtúnṣe maṣíìnì ìránṣọ l'Ọ́jà'ba. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Ìwé àlòkù kan ló rà, ó sì ń tẹ ohun inú rẹ̀ títí ó fi mọ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ìyàwó rẹ̀, Kúlúsúmù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ òkè lọ́dún náà. Ìtàdógún-ìtàdógún ni ọjà aṣọ Ọ̀jẹ́ ń ná, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì mọ́ ọn lára. Bó bá bi àwọn àgbà ọlọ́jà, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Sàláúdéènì bá kọ ètò kọ̀ǹpútà kan: o sọ ọjọ́ ọjà kan fún un, yóò tẹ ti oṣù mẹ́fà jáde.

Nígbà tí Hezekiah rí i, ó ní, "Pa inú ẹ̀ dé, ká máa tà á. Kí wọ́n lò ó, kí wọ́n má rí bó o ṣe kọ ọ́."

"Maṣíìnì tí èèyàn ò lè ṣí, bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e wá fún ẹ."

"Bí èmi náà ò bá mọ̀ ọ́n tún ṣe ńkọ́?"

Hezekiah ní kò sí bí irú Sàláúdéènì ṣe fẹ́ lówó láéláé. Ẹnikẹ́ni tó bá mú dísìkì wá ni Sàláúdéènì ń da ètò náà kọ fún, tinú tẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kọ sókè rẹ̀.

Kúlúsúmù lẹ ìwé tí ètò náà tẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ ọjà tí ìwé náà kọ́kọ́ pè, ó gbé ẹrù láti ilé wọn ní Bẹ́yẹ̀rúnká dé Ọ̀jẹ́, àwọn agbálẹ̀ ló bá níbẹ̀. Àná lọjà ti ná.

"Bàbá Mojọlá," ó sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ nígbà tó padà délé, "ewúrẹ́ ló bá mi nájà lónìí. Ọjà tó ń bọ̀ ni ti Iléyá. Bí aṣọ wọ̀nyí bá kọjá Iléyá lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa wọ gbogbo ẹ̀."

Sàláúdéènì ka ètò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò rí àléébù kankan. Ìtàdógún, mẹ́tàdínlógún ni. Ohun tó sì kọ nìyẹn.

Ọjà Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè Sàláúdéènì. Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi. Samuel ọ́fíìsì wọn ló fún un ní ètò náà. Kò mọ ẹni tó fún Samuel.

"Mo fi márùn-ún rọ́pò mẹ́tàdínlógún inú ẹ̀, mo fi ń wo ọjà ọrún ìlú ìyá mi," ó ní, "ó ń fi ọjọ́ kan pẹ́. Mo bá tún inú ẹ̀ wò dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọjà ọrún bá ná ní Mọ́ńdè, ìgbà wo ló tún ń ná?"

"Jímọ̀."

"Ẹ fi ìka kà á."

Sàláúdéènì kà á. "Márùn-ún."

"Ẹ ka Mọ́ńdè fúnra ẹ̀ mọ́ ọn. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ò ka òní. Mẹ́rin ló máa fi kún Mọ́ńdè kó tó dé Jímọ̀."

Sàláúdéènì wo ìka rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Mẹ́rìndínlógún wá ni ti Ọ̀jẹ́."

Títílayọ̀ ti tún un ṣe. Èèyàn lè sọ pé ọrún, ìsán tàbí ìtàdógún, ètò náà á fúnra rẹ̀ yọ ẹyọ kan kúrò nínú iye ọjọ́ náà. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ ti Sàláúdéènì.

"Bẹ́ ẹ ṣe kọ ìlà yìí kúrú ju tèmi lọ," Sàláúdéènì ní.

"Ṣé ó burú?"

"Rárá o. Mo ń kọ́ ọ ni."

"Màdáámù," Hezekiah dá sí i, "èló lẹ máa gbà?"

"Lórí kí ni?"

Hezekiah padà sídìí taìpù rẹ̀.

Nílé, Kúlúsúmù wo ìwé tuntun náà tìfuratìfura. "Ta ló tún un ṣe?"

"Obìnrin kan láti Agodi."

"Ó dáa. Màá lọ."

Lọ́jọ́ tí ìwé wí, ó lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó dé, kò ru nǹkan kan. Sàláúdéènì dìde dúró.

"Ọjà ná?"

"Ó ná." Ó fa ìborùn kan yọ láti abíyá rẹ̀, aláró, ó sì nà án sí i. "Ẹ bá mi fún obìnrin Agodi. Tiyín ń bọ̀, bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n kà."